Ìkíni Kì Í Tán ní Ìṣẹ́jú Kan

"Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín, Màámi," ni Ràódàt wí, ó sì tún tẹ fóònù náà.

Ohùn tí ìyá rẹ̀ ti fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹ̀kọ àárọ̀. Ó ṣe sàláámà, ó kí àwọn ìyá àgbà, ó bèèrè ara àwọn ọmọ, ó bá ẹni tí orúnkún ń dùn kẹ́dùn, ó kí àwọn tó ti Ìwó dé kú àbọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ni pé," ni ohùn bá gé.

Alhaja Sàúdátù wo ọmọ rẹ̀. "Ìyókù ńkọ́?"

"Kò sí ìyókù. Wọ́n ti ṣe àtúnṣe sí áàpù náà. Ìṣẹ́jú kan péré ló ń gbà báyìí."

"Ta ló ní kí wọ́n tún un ṣe? Ṣé ó bàjẹ́ ni?"

Fóònù náà ló dá a ṣe níbi tí wọ́n gbé e sí láti gba iná, kò bi ẹnikẹ́ni.

Alhaja ni olórí ẹgbẹ́ àsàlátù àwọn obìnrin àdúgbò wọn ní Òkè-Ògbó. Ohun tó fẹ́ sọ ni pé kí wọ́n má wá sí mọ́ṣáláṣí lánàá, kí gbogbo wọn pàdé ní àdúgbò Mayfair, nílé Àyọ̀kẹ́, ọ̀kan nínú wọn tí ọmọ tuntun kú mọ́ lọ́wọ́. Látìgbà náà ni Àyọ̀kẹ́ ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kó tó wá gbà pé kí wọ́n máa bọ̀. Alhaja nìkan ló dé ibẹ̀. Ó ti pa fóònù rẹ̀ kó má baà dún nílé ọ̀fọ̀, àwọn yòókù sì wà ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń retí rẹ̀. Ó bẹ Àyọ̀kẹ́ títí. Èsì kan ṣoṣo ni obìnrin náà fún un: "Ẹ má dààmú, Alhaja. Ó ti yé mi."

Ohun tó yé e yẹn ló ń dun Alhaja.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní kí Ràódàt máa bá ìyá rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ìyá náà ò mọ̀wé kà. Etí ni wọ́n ń gbé fóònù sí. Ràódàt ní kí ìyá òun kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀, kó tó kí wọn.

"Kí n máa bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ láìkí i? Bí ọlọ́pàá?"

"Màámi, tí ilé bá ń jó, ṣé ẹ máa kọ́kọ́ bèèrè àlàáfíà ni?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Alhaja. Lẹ́yìn náà ó wo fóònù.

"Ilé Àyọ̀kẹ́ ń jó," ó wí jẹ́jẹ́. "Gbé e wá."

Ó tẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí kí wọn, ó ní kí Ràódàt pa á rẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Sàúdátù ni. Ilé Àyọ̀kẹ́ là ń lọ ní Mayfair, lónìí, lẹ́yìn ìrun Aláásárì. Kò sẹ́ni tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lánàá, èmi ni ọ̀rọ̀ mi ò dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá."

Ó gbé ọwọ́ kúrò bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bú ìyá ọkọ. Ìyá Láoyè, tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́, ló kọ́kọ́ fèsì: ṣé ara Sàúdátù yá ṣá? Ẹlòmíràn ní òun ti ń wá hìjáábù òun. Ràódàt ní kí ìyá òun wá fi ìkíni ránṣẹ́ wàyí.

"Rárá," ni Alhaja wí, ó ti dìde. "Ẹnu ara mi ni n ó fi kí wọn níbẹ̀."

Nígbà tí òun àti Ràódàt dé Mayfair, bàtà ti kún ẹnu ọ̀nà débi pé wọ́n ní láti gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí wọn. Àyọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ló jáde wá pàdé wọn. Ojú rẹ̀ ṣì wú, ṣùgbọ́n ó nawọ́ sí Alhaja.

"Ẹ rọra máa wọlé, mà. Àyè ò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́."