Bátìrì Tí Àna Mi Ní Kó Sinmi

Ọmọ mi obìnrin ní àpótí kan tó ń bá adìẹ sàba. Gílóòbù inú rẹ̀ ló ń mú ẹyin móoru, bí iná bá sì lọ, bátìrì ńlá kan ló ń gbà á sílẹ̀. Òròmọdìẹ tó bá pa níbẹ̀ ni ọmọ mi ń tà, òun ló fi ń bọ́ ilé, nítorí ẹnu nìkan ni ọkọ rẹ̀ ní.

Àna mi yìí ní bátìrì dà bí alágbàṣe, tó bá ṣiṣẹ́ tán, ó gbọ́dọ̀ sinmi. Bí bátìrì bá ti gbẹ, á tú wáyà rẹ̀, á gbé e sí igun yàrá, á fi aṣọ bò ó bí ìkókó. Ibẹ̀ ni yóò wà lófìfo títí dìgbà tó bá rántí. Mo bi í bóyá ó ti rí ẹni tó da aṣọ bo àmù gbígbẹ, tó wá ń retí omi níbẹ̀ rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti àmù.

Nígbà tó yá, bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í yára kún. Kí èèyàn tó mí kanlẹ̀, iná ṣájà ti yí padà, ó ti kún. Àna mi wú bí ọ̀pọ̀lọ́. Ó ní ṣé a rí i báyìí pé ìsinmi dára. Akèrègbè kékeré ní í tètè kún, ṣùgbọ́n ta ló ń fi í pọnmi fún ẹbí? Bó ṣe ń yára kún náà ló ń yára tán.

Ọmọ mi pe oníbátìrì. Òun náà kò kéré níbi ẹnu, ó bú gbogbo oníbátìrì àdúgbò tán kó tó ṣí ìdérí. Ó tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, ó ní ká wá wo bí nǹkan funfun ṣe bo àwọn òjé pẹlẹbẹ inú rẹ̀ bí iyọ̀ tó dì. Ó ní bí bátìrì bá pẹ́ lófìfo ni funfun yẹn ń mú un, ibi tó bá sì bò kò lè gbaná mọ́, ìyẹn ló ṣe ń yára kún. Ó ní ká máa so ó mọ́ ṣájà ní kété tá a bá lò ó tán, ká má sì jẹ́ kí omi rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó so ó mọ́ ṣájà kan tó ń rọra fún un níná, ó ní bó bá pẹ́ níbẹ̀, bóyá díẹ̀ nínú funfun náà á tú. Ó ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Àna mi ní òun gbọ́. Ọmọ mi lọ ra oúnjẹ adìẹ, èmi wà ní yàrá mi, ni ọkùnrin yìí bá rí i pé iná ṣájà ti yí padà. Ó tú wáyà, ó gbé bátìrì sùn. Òjò dé, iná lọ.

Àpótí ti tutù kí ọmọ mi tó wọlé. Bẹ́ẹ̀ ẹyin náà kù díẹ̀ kó pa, a ti ń gbọ́ ohùn nínú wọn. Ọmọ mi so bátìrì padà mọ́ àpótí, ṣùgbọ́n kíá ló tán. Ó kó díẹ̀ nínú ẹyin náà mọ́ra, èmi náà kó díẹ̀ sínú aṣọ mi, síbẹ̀ ó ṣì kù. Ọkọ rẹ̀ dúró, ó ń ṣàlàyé.

“Ẹ sùn kalẹ̀,” ni ọmọ mi wí, “kẹ́ ẹ ká ẹ̀wù yín sókè.”

Ọkùnrin náà sùn. Ọmọ mi to ẹyin sórí ikùn rẹ̀, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ẹ̀yìn ń dun òun.

“Ẹ má mira. Adìẹ kì í ráhùn.”

Mo ti rí oríṣiríṣi àna láyé, mi ò rí èyí tó di àgbébọ̀ rí. Ẹ jẹ́ n má parọ́, ikùn tó ti ń jẹun láìṣiṣẹ́ látọjọ́ yìí móoru dáadáa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn kan ti fọ́ èèpo lórí rẹ̀. Àwọn mìíràn dákẹ́, wọn ò fọhùn mọ́.

Iná dé. Àna mi ní kí wọ́n wá gbé ẹyin kúrò lára òun. Ọmọ mi kọjá lára rẹ̀, ó lọ so bátìrì mọ́ ṣájà ná, kó tó wá gba ẹyin lọ́wọ́ àgbébọ̀ rẹ̀.