Àwọn Ọmọ Tí Rẹjísírà Ò Kà Tán

Ìbídùn, Rẹ̀mílẹ́kún, ẹ jẹ́ kí àkàrà yẹn wà nínú bébà ná, kí n sọ àlá tí mo lá lóru àná kó tó fò lọ lórí mi.

Ẹ mọ̀ pé aago mẹ́wàá òwúrọ̀ yìí ni mo fẹ́ tún ìdánwò ìmọ̀ nọ́ńbà ṣe, ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń dá mi dúró: àwọn nọ́ńbà olóríkunkun, irú èjì, ẹ̀ta, àrún, èje, tí nǹkan kan ò lè pín dọ́gba àfi ení àti àwọn fúnra wọn, ṣé wọ́n lópin? Mo mọ̀ pé wọn ò lópin. Nígbà tí mo fi máa sùn, n ò kàn mọ bí mo ṣe máa fi hàn ni. Bí mo bá tún fìdí rẹmi lónìí, n ò ní bá yín kẹ́kọ̀ọ́ jáde, bẹ́ẹ̀ màmá mi ti kan férémù òfìfo mọ́ ògiri pálọ̀ de fọ́tò ìkẹ́kọ̀ọ́yege mi. Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má parọ́.

Nínú àlá, ọ́fíìsì rẹjísírà ń léfòó lókè òrùlé kíláàsì wa. Mo gun àga kan kí n lè dé ibẹ̀. Àga náà ní, "Mojoyin, o ti sanra ju ẹni tó ń kàwé lọ." Mo ní kó má bínú.

Rẹjísírà gbé fọ́ọ̀mù kan síwájú. Ó ní bí òun bá ti ka gbogbo olóríkunkun tán, òun á fọwọ́ sí i pé wọ́n lópin, ìwé mi á sì parí síbẹ̀.

Ni wọ́n bá wọlé, wọ́n tò. Èjì ló ṣáájú, tòun ti ikùn rẹ̀. Ẹ̀ta, Àrún àti Èje tẹ̀lé e. Ìyá wọn wà lẹ́yìn, ó ń tún gèlè rẹ̀ wé. Rẹjísírà na ìka, ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá wọn ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ká ọwọ́ yín kò. Níbo lẹ ti rí ẹni tó ń ka ọmọ lójú ìyá wọn?"

"Mẹ́rin ni wọ́n, mà. Wọ́n ti tán." Ó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Irùngbọ̀n hù sí i lágbọ̀n.

Ìyá náà ò bá a jà. Ó ní, "Mojoyin, fi àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ ara wọn di púpọ̀, kí o wá fi ení kún un."

Mo ṣe é. Igba-ó-lé-mọ́kànlá gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń làágùn, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o." Èjì gbìyànjú láti pín in, ẹyọ kan kù sí i lọ́wọ́. Ẹ̀ta pín in, ẹyọ kan kù. Àrún àti Èje, ẹyọ kan náà ni.

Rẹjísírà ní, "Ó dáa, wọ́n di márùn-ún. Wọ́n ti tán." Ó tún fọwọ́ sí i, ìwo méjì yọ lórí rẹ̀. Mo tún sọ àwọn márààrún di púpọ̀, mo fi ení kún un. Èyí tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí ṣeé pín lóòótọ́, ṣùgbọ́n olóríkunkun méjì tí a ò rí rí já bọ́ láti inú apá agbádá rẹ̀. Rẹjísírà tún fẹ́ fọwọ́ sí i, pátákò ló fi ń wá bírò. Ó ti di òbúkọ. Ó jẹ fọ́ọ̀mù náà. Mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́ sà, torí rẹjísírà náà ṣì ni.

Ìyá wọn yíjú sí mi. "Kí ló ń kù sí wọn lọ́wọ́ nígbà gbogbo?"

Bí mo ṣe fẹ́ dáhùn ni mo gbọ́ ohùn ìwọ Ìbídùn lókè orí mi: "Méje ni mo rà. Méjì méjì ló kàn wá, ẹyọ kan kù."

Mo lajú, mo rí ẹyọ kan tó kù náà nínú bébà, tòun ti epo. Ọdún méjì ni mo fi ń wá a. Ẹni tó bá ní gbogbo wọn lòun kó jọ, kó sọ wọ́n di púpọ̀, kó fi ení kún un. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa pín in tí ẹyọ kan ò ní kù. Ẹlòmíràn ló máa pín in, ẹni tí kò sí lórí fọ́ọ̀mù. Inú mi dùn débi pé n ò tíì bọ́jú.

Màmá mi lè máa nu férémù rẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún, gbé ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀. Ẹyọ kan tó kù yẹn, ìdáhùn mi ni, èmi ni mo sì máa jẹ ẹ́.