Òbí Ìyá Felix

Felix kò tíì yọ fóònù náà kúrò nínú páálí tó ti ń pàṣẹ. "Màámi, ẹ má fọwọ́ kàn án. Màámi, ẹ nu ọwọ́ yín ná. Màámi, ẹ súnmọ́ ibi tí iná mọ́lẹ̀ sí." Ìyá Felix súnmọ́ ọn. Kì í ṣe pé ó ń bẹ̀rù ọmọ rẹ̀ o. Ohun tó ń wá lára fóònù náà ló tóbi ju kó fi ìjà bẹ̀rẹ̀ lọ.

Ọṣẹ dúdú ni obìnrin yìí ń sè ní Odode. Èèpo kòkó ló ń sun, eérú rẹ̀ ló ń fi ṣe é, kò sì sí ẹni tí kò mọ èéfín ilé rẹ̀ ládùúgbò. Lọ́jọ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ láti ro ọṣẹ lórí iná, fóònù onítẹ̀ tó ti ń lò láti ìgbà tí bàbá Felix ti wà láyé yọ̀ bọ́ lápò bùbá rẹ̀, ó di inú ìkòkò. Kí wọ́n tó fi igi yọ ọ́ jáde, ó ti kú pátápátá, símù rẹ̀ nìkan ló yè. Ikú fóònù yẹn kò sì bọ́ sásìkò rárá, nítorí lọ́jọ́ kejì gan-an ló yẹ kí Ìyá Felix fún Bàbá Tósìn lésì.

Bàbá Tósìn yìí, Dúrójaiyé lorúkọ rẹ̀, káfíńtà ni ní Aládé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọkọ Ìyá Felix náà ti kú. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ló wá tún ṣe fún un lọ́dún tó kọjá. Ó tún un ṣe tán, ó tún padà wá wò ó bóyá ó dáa, ó tún wá padà wá wò ó bóyá ó ṣì dáa. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún mọ ohun tí ọkùnrin ń wá nídìí ilẹ̀kùn tí kò bàjẹ́ mọ́. Nígbà tí bàbá náà wá já bọ́ láti orí àkàbà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan dá, orí fóònù ni wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́. Orí fóònù náà ló ti bi í pé ṣé yóò fẹ́ òun, kí àwọn lọ bá fadá kó wá kéde orúkọ àwọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Felix ní kó fún òun láyè díẹ̀. Yanga lásán ló ń ṣe, ó ti mọ ohun tó fẹ́ sọ kó tó gbé fóònù sílẹ̀.

Ó lè gun ọ̀kadà lọ sí Aládé, kò jìnnà. Àmọ́ níbo ni wọ́n ti ń rí i kí obìnrin fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé irú èsì bẹ́ẹ̀ lọ bá ọkùnrin nílé, lójú àwọn ìyàwó ọmọ rẹ̀? Kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń rán ẹlòmíràn. Ohùn tirẹ̀ ni yóò fi sọ ọ́.

Felix, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, ti gbọ́ nípa Bàbá Tósìn, ọ̀rọ̀ náà kò sì dùn mọ́ ọn. "Màámi, kí lẹ̀ ń wá? Kí lẹ fẹ́ jẹ tí mi ò fún yín?" Bí ẹni pé oúnjẹ ni ọkùnrin. Ìyá rẹ̀ kàn ní kó bá òun ra fóònù tí èèyàn ti ń rí ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, kó sì wá tò ó fún òun.

Èdè ni fóònù náà kọ́kọ́ béèrè. Felix fẹ́ tẹ Gẹ̀ẹ́sì, ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Yorùbá."

"Màámi, kò sẹ́ni tó ń lo Yorùbá lórí fóònù. Á kàn dà yín lọ́kàn rú ni."

"Èmi fẹ́ lò ó. Ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń ka Bíbélì? Tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn èyí, fóònù ní kó gbé ìka lé òun kí òun lè máa fi dá a mọ̀. Ìyá Felix gbé àtàńpàkò lé e, fóònù ní kó tún un gbé. Ó gbé ìka mìíràn, ó tún ní kó tún un gbé. Omi eérú ti jẹ gbogbo ìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán láti ọjọ́ tó ti ń po ọṣẹ. Felix rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ tirẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n fi ìka tèmi sí i, Màámi. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, èmi á lè ṣí i."

"Bí ìka mi kò bá ṣí i, kó wà ní títì! Ṣé ìwọ lo ni ín?"

Felix ní ó dáa, kí wọ́n lo nọ́ńbà nígbà náà. Ìyá rẹ̀ gba fóònù, ó kọ̀yìn sí i, ó sì tẹ nọ́ńbà tó wù ú. Nígbà tó kan orúkọ àti ọjọ́ ìbí, Felix ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa nínú ilé, ó gbé fóònù jáde síta. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ń tẹ fóònù tìyá rẹ̀, ó ń tẹ tirẹ̀, ó tún ń padà sórí tìyá rẹ̀. Nígbà tó wọlé, ó ní gbogbo rẹ̀ ti parí.

"Nọ́ńbà Bàbá Tósìn ńkọ́?"

"Gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí símù yín ló wà níbẹ̀, mà." Ó sì gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti dì fún un, ó wọ mọ́tò, ó padà sí Àkúrẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Felix wẹ̀, ó lo páńkéèkì, ó wé gèlè. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ojú ni wọ́n fẹ́ fi rí ara wọn. Ó jókòó, ó wá orúkọ Bàbá Tósìn, ó rí i, ó tẹ̀ ẹ́. Dípò kí fóònù máa dún, ọ̀rọ̀ kan yọ lójú rẹ̀. Ó mú awò rẹ̀, ó kà á sókè bó ṣe ń ka ẹ̀kọ́ kìíní lọ́jọ́ Àìkú: "Nọ́ńbà yìí kò sí lára àwọn tí òbí rẹ fọwọ́ sí. Gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí rẹ."

Ó nu awò náà, ó tún un kà. Òbí? Òbí wo? Bàbá rẹ̀ ti wọ ilẹ̀ láti ìgbà tí Felix ṣì ń rákòrò, ìyá rẹ̀ sì tẹ̀ lé e láìpẹ́ sígbà náà. Ó jáde, ó ké sí Hàfsátù, aládùúgbò rẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ ń dá oko kòkó fún ìdílé Felix. Hàfsátù wo ojú fóònù, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ohun tí mo ṣe sórí fóònù ọmọ mi nìyí, kó má baà máa pe ìpèkúpè. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n kọ pé ẹ jẹ́. Búọ̀dá Felix ni òbí yín." Ó ń rẹ́rìn-ín lọ títí tó fi rí i pé òun nìkan ló ń rín in. Ó yára na fóònù tirẹ̀ sí i. "Ẹ fi tèmi pè wọ́n, Ìyá. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Ìyá Felix wo fóònù náà, ó wù ú, irọ́ kọ́. Bàbá Tósìn á ti máa rò pé ó ti kọ òun. Àmọ́ inú ti ń bí i, bínú bá sì ti ń bí i, èdè Ìdànrè tí wọ́n fi ń pe ọmọ ní ọma ló máa ń yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n, Hàfsátù. Ọma kékeré ló ń yá fóònù láti bá ọkùnrin sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀. Bí mo bá gba fóònù rẹ, a jẹ́ pé lóòótọ́ ni Felix di bàbá mi. Fi í sílẹ̀. Bàbá mi á wá, màá sì kí i dáadáa."

Kò pe Felix, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ń sun èèpo kòkó rẹ̀, ó sì ń ro ọṣẹ rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Felix ní ìnáwó ọ̀gá rẹ̀ kan ní Owena, ó ní òun á yà kí ìyá òun. Aṣọ funfun ló wọ̀, ó funfun débi pé àwọn tó ń sá kòkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ṣíwọ́ láti wò ó. Hàfsátù àti àwọn obìnrin tó wá ra ọṣẹ dúró lágbàlá, eérú sì wà nílẹ̀ káàkiri. Bí Felix ṣe wọlé báyìí, ìyá rẹ̀ dìde lórí àpótí, ó tẹ aṣọ rẹ̀ mọ́ ara, ó sì fi eékún méjèèjì gúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó bí.

"Ẹ kú ọ̀nà, bàbá mi."

"Yéè!" Hàfsátù ju abọ́ ọwọ́ rẹ̀ nù. "Ìyá, ẹ dìde! Ẹ má fi ayé ọmọ ṣeré!" Àwọn obìnrin ń sá síwá sẹ́yìn, òmíràn gbọ́wọ́ lérí. Felix kò tilẹ̀ rí ibi tó ń ṣubú sí. Gbalaja ló dọ̀bálẹ̀ nínú eérú, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, fìlà rẹ̀ yí lọ.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́! Kí ni mo ṣe? Ẹ dìde, mà, ẹ dákun!"

"Ta ló pè ọ́ ní ọma mi? Fóònù ní kí n gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí mi, òun ni mo ń gbà. Mo fẹ́ bá Bàbá Tósìn sọ̀rọ̀ ní Aládé. Ṣé bàbá á jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀?"

Felix gbé orí sókè nínú eérú. Ó wá yé e. "Nítorí àbò yín ni, mà," ó ń sọ ọ́ láti ilẹ̀. "Àwọn oníjìbìtì pọ̀ lórí fóònù."

"Ṣé Bàbá Tósìn ni oníjìbìtì?"

Felix nu eérú kúrò lẹ́nu. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Bí ẹ bá lọ sí Aládé, Màámi, ilé bàbá mi á ṣófo. Bí mo bá wálé, ta ni màá máa bá níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ ìyá rẹ̀ lára. Ọmọ rẹ̀ ni, ó sì mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Àmọ́ kò dìde.

"Mo sunkún bàbá rẹ, Felix, o rí mi. Mo sunkún tó. Èmi kọ́ ni ilé bàbá rẹ. Èèyàn ni mí."

Felix nawọ́ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó yọ tirẹ̀ lápò, ó sì ń tú ohun tó ti dì lórí ìdọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Eérú ń bọ́ lé ojú fóònù, ó ń fi apá aṣọ funfun nù ún. Fóònù bi í pé ṣé ó dá a lójú pé kò fẹ́ jẹ́ òbí ẹni yìí mọ́, ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Felix béèrè ọdún ìbí tó yẹ kí òun kọ, ìyá rẹ̀ ní kó kọ èyí tó wà lórí káàdì ìdánimọ̀ òun. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ tán. Ìgbà yẹn ni Ìyá Felix tó na ọwọ́ sí Hàfsátù, ìyẹn sì fà á dìde. Eékún rẹ̀ ń dùn ún gan-an, kò jẹ́ kó hàn lójú rẹ̀.

"Dìde, ọma mi."

Felix dìde. Láti àyà dé orúnkún, ó ti di eléérú. "Màámi, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì pè wọ́n. Ẹ jẹ́ ká jókòó sọ ọ́ ná. Ẹ jẹ́ kí n rò ó."

"Rò ó. Èmi ti rò ó tán." Ó ti tẹ̀ ẹ́.

Fóònù dún, ó dún, ó wá ṣí. Iwájú orí Bàbá Tósìn nìkan ló hàn, bàbá náà gbé fóònù mọ́ ojú jù. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá Tósìn. Ẹ gbé e jìnnà díẹ̀ kí n rí yín." Ó gbé e jìnnà. Ó ti rù sí i, kò sì fá irùngbọ̀n. Inú Ìyá Felix dùn. "Mo gbà. Ẹ gbọ́ mi? Mo ní mo gbà. Ẹ ránṣẹ́ sí fadá."

Ọkùnrin náà tún gbé fóònù mọ́ ojú. "Ìyá Felix," ó wá rọra bi í, "àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ó tẹ́ wọn lọ́rùn?"

Ìyá Felix yí fóònù náà padà títí ojú rẹ̀ fi kọ sí ọmọ rẹ̀.

"Felix nìyí. Ó ń kí yín."

Felix wo ìyá rẹ̀. Àwọn obìnrin tó dúró ń wò ó, Hàfsátù ń wò ó, ọkùnrin inú fóònù náà ń wò ó láti Aládé. Ó wo aṣọ funfun rẹ̀ tó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ó tún padà dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá."