Tíì Létí Gọ́tà

Òórùn gọ́tà ẹ̀yìnkùlé ló ti Hester Pilbeam dé ìdí òṣèlú. Bí òjò bá ti rọ̀ ní Nether Ombury, omi ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo abúlé a ya wọ ibẹ̀. Òórùn náà ń wọ aṣọ tí Hester sá, ó ń wọ búrẹ́dì, ó ń bá a gun orí ibùsùn. Ọmọọmọ rẹ̀ obìnrin kò wá kí i mọ́. "Màmá àgbà, ilé yín ń rùn," lọmọ wí, ó di imú, ó sì lọ. Ọ̀rọ̀ náà dun Hester ju òórùn lọ.

Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ wọn sílẹ̀, ìdílé Challoner ló ń jókòó sórí àga wọ́ọ̀dù náà. Bàbá jókòó títí ó fi kú, ọmọ gbapò. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni ìbò ń dé, ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo ní ń jáde, wọn a ní ó ti wọlé láìdìbò. Rupert Challoner wá lẹ̀ mọ́ àga bí eégbọn: ó ń mu, ó ń wú, kò wúlò fẹ́nìkan. Bí Hester bá kó ẹjọ́ gọ́tà lọ bá a, a rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Òórùn kẹ̀, Ìyáàfin Pilbeam? Èmi ò gbóòórùn kankan o. Bóyá màlúù ni."

Ni Hester bá forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ láti du àga náà.

Àṣà àtijọ́ kan wà níbẹ̀, tí wọ́n ṣì ń tẹ̀ lé bí wọ́n bá ń yan alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbin òdòdó. Ẹni méjì tó ń du ipò a bọ ara wọn lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn abúlé, kálukú a sì wọlé dìbò fún ẹnì kejì. Wọ́n ní ọmọlúàbí kì í yin ara rẹ̀. Hester àti Rupert bọwọ́.

Enid Scrase, aládùúgbò rẹ̀, fà á lápò kóòtù. "Má ya dìndìnrìn o. Ara ẹ ni kó o dìbò fún."

"Mo ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, Enid."

"Ọwọ́ wo? Yáa lọ fọ̀ ọ́."

Hester dìbò fún Rupert. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, ìbò kan péré ni Rupert fi borí.

Níbi tí Hester ti ń wá agboòjò rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́ ohùn Rupert láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ìyá yẹn mà dìbò fún mi! Èmi náà dìbò fún ara mi. Ṣé àga bàbá mi ni n ó fi ta tẹ́tẹ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, bíà ń tọ́ sí àgbọ̀n wọn. Ìwà Rupert rí Hester lára, ìwà òmùgọ̀ tirẹ̀ náà sì rí i lára.

Àmọ́ àṣà náà nírù. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹni tó wọlé gbọ́dọ̀ lọ mu tíì nílé ẹni tó fìdí rẹmi, lójú gbogbo àdúgbò, kò sì gbọdọ̀ dìde kó tó mu ife kejì. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì, Hester gbé tábìlì sétí gọ́tà, ó tẹ́ aṣọ funfun, ó ń gé kéèkì, ó ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́:

*Ẹni tó ní kò rùn, kó wá jókòó,*
*Kò rùn, kò rùn.*
*Àlejò pàtàkì, ẹ sún mọ́ odò,*
*Kò rùn, kò rùn.*

Rupert jókòó. "Ojú ọjọ́ mà dára o," ló wí. Ó bu kéèkì jẹ, kò lè gbé e mì. Nǹkan kan léfòó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀, bébà rọ̀ mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ di àwọ̀ ewé.

"Ìyáàfin Pilbeam, kí ló ń rùn báyìí?"

Gbogbo àdúgbò yíjú sí Hester.

"Bóyá màlúù ni," Hester ní, ó sì bu ife kejì fún un.

Enid rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọgbà mú. Rupert mu tíì náà bí ẹni mu àgbo. Ó ní lọ́jọ́ Ajé òun fúnra òun yóò kó àwọn òṣìṣẹ́ wá tún gọ́tà náà ṣe, gbogbo ènìyàn sì gbọ́. Ó wá na ọwọ́ sí Hester kí wọ́n bọwọ́ lórí àdéhùn náà.

Hester wo ọwọ́ náà bó ṣe wo ohun tó léfòó lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ tún gọ́tà ṣe ná, sà," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí ọmọọmọ mi kọ́kọ́ wá kí mi."