Irùngbọ̀n Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀

"Ẹ fá a," ni ọkùnrin tó jókòó sórí àga wí.

Onígbàjámọ̀ rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Ó so aṣọ funfun mọ́ ọn lọ́rùn, ó mú àlùmọ́gàjí. "Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí n tún ṣe, àbí?"

"Rárá. Gbogbo rẹ̀. Ẹ fá a kanlẹ̀ títí awọ á fi hàn."

Lórí bẹ́ǹṣì, dírẹ́bà takisí kan tí wọ́n ti gẹ irun rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n tí kò lọ, yí ojú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Ìròyìn ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí kì í kọ́kọ́ dé etí tirẹ̀. Ó wo irùngbọ̀n náà, ó wo ẹni tó ni ín, ó pòṣé.

Irùngbọ̀n yìí kì í ṣe kékeré. Ó gùn dé àyà. Onígbàjámọ̀ ló ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà tó dúdú bí èédú. Ó mọ ibi tí ewú àkọ́kọ́ ti yọ, lábẹ́ ètè lápá òsì. Ó mọ ibi tó máa ń lọ́ pọ̀ bí òjò bá pa á. Nọ́ọ̀sì ni ẹni tó ni ín, egbò ló ń dì ní ilé ìwòsàn ńlá. Àwọn aláìsàn ló sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀, nítorí bí ó bá ń tú báńdéèjì, ẹni tó ni egbò á kàn ṣàdédé rí i pé ó ti tú tán ni. Mùsùlùmí òdodo ni. Ó ti sọ fún onígbàjámọ̀ nígbà kan rí pé Ọlọ́run ló ni irùngbọ̀n náà, òun kàn ń bá A gbé e kiri ni.

Ó yé onígbàjámọ̀ lójú ẹsẹ̀: ẹ̀rù ló gbé ọkùnrin náà wá. Ta ni kò ní yé? Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àwọn agbésùnmọ̀mí tó ń pe ara wọn ní Mùsùlùmí gbé àdó olóró wọ ibùdókọ̀ ojú irin, ní àárọ̀ tí ọmọ iléèwé àti òṣìṣẹ́ kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Láti ọjọ́ náà ni ohùn gbogbo orílẹ̀-èdè ti lọ sílẹ̀. Àwọn ènìyàn ń rọra pa ilẹ̀kùn dé. Bí táyà ọkọ̀ bá bẹ́ lójú pópó, tọmọdé tàgbà á nà gbalaja sílẹ̀, wọn á dìde, wọn á máa gbọn eruku láìwo ojú ara wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì kún, mọ́ṣáláṣí kún, ẹni tí kò gbàdúrà rí ń béèrè bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Onígbàjámọ̀ kò nílò tẹlifíṣọ̀n kí ó tó mọ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá bọ́ láìfarapa. Iná jó ọwọ́ ọmọ láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Onígbàjámọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan. Ó dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó gbọ́ igbe ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń tú báńdéèjì, ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ó yí padà. Láti ìgbà náà, bí ọmọbìnrin rẹ̀ bá pè é lórí fóònù, á ní iṣẹ́ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ kò pọ̀. Ta ló ń ronú irun?

Ó yẹ kí àánú ọkùnrin orí àga yìí ṣe é. Kò ṣe é. Nǹkan kékeré kan dùn mọ́ ọn nínú: jẹ́ kí ẹnì kan nínú tiwọn náà mọ bí ẹ̀rù ṣe ń rí. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò gbàgbé. Nígbà tí egbò ẹsẹ̀ ń pa ìyàwó rẹ̀ lọ, tí ọmọbìnrin wọn kò sí nílùú, tí wọn kò lè gbé e jáde nílé mọ́, Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ló ń wá dì í fún un bí ó bá ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Lọ́jọ́ tí òjò ńlá rọ̀, ó fi bàtà lọ́wọ́ wọlé, kí ó má ba ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù jẹ́. Onígbàjámọ̀ rántí àwọ̀ bàtà náà. Ó rántí rẹ̀, inú rẹ̀ ṣì dùn síbẹ̀, ìtìjú sì mú un.

Lórí tẹlifíṣọ̀n, olórí ìjọba ń na ìka sókè. Ó ní àwọn á hú wọn tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Lẹ́yìn náà ni ti ẹgbẹ́ alátakò bọ́ síta, ó ní ìjọba ló sùn lọ.

"Ìbò ni àwọn méjèèjì ń wá," ni Ìròyìn wí. "Ẹ̀jẹ̀ kò tíì gbẹ nílẹ̀, wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ sí orí pèpéle." Ó tún wo àga. "Ṣùgbọ́n ti irùngbọ̀n yẹn dára. Ó yẹ kí wọ́n fá a fún gbogbo wọn."

"Ìwọ, ẹnu rẹ," ni onígbàjámọ̀ wí.

"Kí ni mo sọ, Bàbá? Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí ẹ fá a. Ṣé èmi ni mo gbé e wá?"

Onígbàjámọ̀ fẹnu sún mọ́ etí ọkùnrin náà. "Ẹ̀rù ló ń bà yín?"

"Ẹ̀rù ń bà mí," ni Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ dáhùn. "Ẹnì kan tutọ́ sí mi lára lánàá nínú bọ́ọ̀sì. Mo nù ún, mo bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló gbé mi wá. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ọkàn mi má baà yí padà."

Àlùmọ́gàjí wọlé. Ìdì irun àkọ́kọ́ já bọ́ sórí aṣọ funfun, ó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ohun tó ní ẹ̀mí. Ìròyìn kò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ wa ní wọ́ọ̀dù," ni Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ wí fún dígí. "Ọwọ́ rẹ̀ ló jó. Bí mo bá ti yọjú báyìí, á figbe ta. Kì í ṣe igbe ìrora, mo mọ igbe ìrora. Ẹni tó gbé àdó olóró náà ní irùngbọ̀n. Ọmọ náà rí i kedere kí àdó náà tó bú gbàmù."

"Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì mìíràn tọ́jú rẹ̀ nígbà náà," ni Ìròyìn wí.

"Wọ́n ti gbìyànjú, ọwọ́ wọn kò rọ̀ tó. Egbò iná kì í ṣe egbò lásán. Bí èèyàn bá ya báńdéèjì tipátipá, awọ tuntun á bá a lọ. Ọmọ gbọ́dọ̀ jókòó jẹ́ẹ́, ẹni tó ń tú u náà gbọ́dọ̀ ṣe jẹ́ẹ́. Bí a kò bá rí i ṣe lọ́sẹ̀ yìí, ìgúnpá yẹn lè má nà mọ́ láé."

Àlùmọ́gàjí ń lọ, ó ń bọ̀. Onígbàjámọ̀ sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sí ara rẹ̀: "Ẹ̀sìn yín ńkọ́?"

"Mo ti bá Ọlọ́run sọ ọ́."

"Kí ló wá sọ?" ni Ìròyìn bi í.

"Kò tíì sọ nǹkan kan. Ọmọ náà ló ń sọ̀rọ̀." "Irùngbọ̀n kọ́ ló le jù. Láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, kí n tó tú báńdéèjì, mo máa ń pe orúkọ Ọlọ́run jẹ́ẹ́jẹ́. Orúkọ yẹn kan náà ni ẹni yẹn pè kí ó tó pa wọ́n. Ọmọ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ó tọ̀ sára. Inú ni mo ti ń pè é báyìí."

Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, pásítọ̀ onígbàjámọ̀ wàásù títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó ní Ọlọ́run ń bínú. Onígbàjámọ̀ ṣe àmín pẹ̀lú àwọn yòókù, kò sì sí ohun tó mì nínú rẹ̀. Ohun kan ń mì nínú rẹ̀ báyìí. Kí ni èèyàn ń pe irú ìsìn báyìí, tí ẹni tó ń sìn fi orúkọ Ẹni tó ń sìn pamọ́ sínú, nítorí kí ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀ lè jókòó jẹ́ẹ́?

"Ọmọ náà tilẹ̀ ń halẹ̀ mọ́ mi," ni Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ wí, ẹ̀rín sì fẹ́ wọ ohùn rẹ̀. "Ó ní bàbá òun àgbà á ṣe mí báṣubàṣu. 'Bàbá Ṣẹ́-ṣẹ́ máa fá irùngbọ̀n yín dànù!' Nínú ẹkún yẹn, kò gbàgbé láti fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n kọ́ ọ nílé. Ojoojúmọ́ ló ń béèrè bóyá Bàbá Ṣẹ́-ṣẹ́ ti dé."

Àlùmọ́gàjí dúró.

Ìró àlùmọ́gàjí yìí ni ọmọ náà fi sọ bàbá rẹ̀ àgbà lórúkọ, ní ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ, tó máa ń jókòó sábẹ́ dígí yìí gan-an. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń pè é bẹ́ẹ̀.

"Ọmọ ọmọ mi ni," ni onígbàjámọ̀ wí.

Ojú àwọn méjèèjì pàdé nínú dígí. Irùngbọ̀n ti lọ ní apá kan, ó kù ní apá kejì.

"N kò mọ̀," ni Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ wí.

"Mo mọ̀ pé ẹ kò mọ̀."

Ìròyìn dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó lọ pa tẹlifíṣọ̀n. Olórí ìjọba àti alátakò rẹ̀ pòórá papọ̀. Kò padà jókòó. Ó ní òun ń lọ wo ọkọ̀ òun, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Onígbàjámọ̀ po ọṣẹ. Ó yọ abẹ tuntun. Bí ó ṣe ń fá a, ojú kan ń yọ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tí kò rí rí: àgbọ̀n kékeré, awọ tó mọ́ ju ti iwájú orí lọ nítorí oòrùn kò dé ibẹ̀, àpá tín-ínrín kan tó jọ ti ìṣubú ọmọdé. Láti èwe ló ti ń fọwọ́ kan orí èèyàn, orí ọlọ́lá, orí mẹ̀kúnnù, orí òkú pàápàá. Kò sí èyí tó rí bí èyí lójú rẹ̀ rí. Ó ṣe é bíi kí ó bọ́ bàtà, bí ẹni tó dé ilẹ̀ mímọ́.

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ wo ara rẹ̀, ó fọwọ́ kan àgbọ̀n. "Bàbá mi nìyí," ni ó wí. "Mo rò pé ó ti kú."

Ẹ̀rín pa wọ́n, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́nu wọn.

"Ìgbà wo lẹ máa tú u?"

"Bí mo bá ti dé ibẹ̀ báyìí."

"Mo wá lẹ́ẹ̀kan," ni onígbàjámọ̀ wí. "Ẹnu ọ̀nà ni mo dé."

"Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dé ibẹ̀, Bàbá."

Onígbàjámọ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e kọ́. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, àwọn méjèèjì sì jọ rìn gba àárín òpópónà, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Ọmọ náà jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyá rẹ̀ dì í mú lẹ́yìn. Nígbà tó rí bàbá rẹ̀ àgbà, ojú rẹ̀ tàn. Nígbà tó rí ẹni tó tẹ̀lé e, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ká kò.

"Bàbá Ṣẹ́-ṣẹ́, ta nìyẹn?"

"Ẹni tó ń di egbò rẹ ni, ìyá mi."

"Irùngbọ̀n rẹ̀ dà?"

"Ó wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù."

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ kúnlẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá ti ọmọ náà dọ́gba. Ọmọ náà wò ó pẹ́. Ó na ọwọ́ tí iná kò jó, ó fi ìka kan rọra gba àgbọ̀n rẹ̀ láti etí dé etí, bí ẹni tí wọ́n bí sídìí iṣẹ́ náà.

"Ẹ ò fá a tán," ni ó wí fún bàbá rẹ̀ àgbà. "Ó kù díẹ̀ níbí."

Òótọ́ ni. Ó kù díẹ̀ lábẹ́ etí.

"Ọwọ́ mi ń gbọ̀n ni," ni onígbàjámọ̀ wí.

Ọmọ náà rò ó. Lẹ́yìn náà ó di bàbá rẹ̀ àgbà lọ́wọ́ mú ṣinṣin, ó sì na ọwọ́ tí báńdéèjì wà sí ọkùnrin náà.

Ètè Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ mì, ohùn kankan kò jáde. Ó tú ìdì àkọ́kọ́. Onígbàjámọ̀ la ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wò.