Ẹ̀dínwó Tí Kò Kan Ìrọ̀rí

Nígbà tí Tíṣà fẹ̀yìn tì, ẹnu nìkan ló kù fún un láti tà. Ó ti fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n bá ọmọ ọlọ́mọ sọ̀rọ̀, ó ti bá àwọn òbí wọn sọ̀rọ̀, ó ti bá àwọn ọ̀gá iléèwé fa ọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ fi rọ̀. Ó wá dá a lójú pé kò sí ohun tí sùúrù àti ọ̀rọ̀ tútù kò lè yanjú. Ìyàwó rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní tiẹ̀. Ìrọ̀rí ló ń rán.

Kì í ṣe ìrọ̀rí lásán. Ó gùn, àárín rẹ̀ rọlẹ̀, eteetí rẹ̀ ga díẹ̀, kí ọrùn ẹni tó bá gbórí lé e lè rí ibi sinmi. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rán an fún, lásìkò tí ọrùn kò jẹ́ kí màmá náà sùn mọ́. Àwọn tó wá kí màmá rí i, wọ́n ní kó rán tiwọn. Nígbà tó yá, àwọn tí kò mọ̀ rí ń pè é láti ìlú tó jìnnà. Bí Tíṣà ṣe di akọ̀wé nìyẹn. Òun ló ń gbé fóònù, òun ló ń fi ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó gún régé kọ àdírẹ́sì sára páálí, òun náà ló ń kó wọn lọ sí iléeṣẹ́ akẹ́rù. Ọgọ́rin ìrọ̀rí lóṣù, nígbà míì àádọ́rùn-ún. Wọn ò lówó, ṣùgbọ́n wọn ò tọrọ jẹ.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gba ẹrù gbé páálí àkọ́kọ́ lé òṣùwọ̀n, kò sì wo òṣùwọ̀n náà. Tépù ló fà yọ. Ó wọn òró, ó wọn ìbú, ó wọn gíga, ó tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, rìsíìtì sì jáde. Tíṣà wò ó, ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún un wò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlọ́po mẹ́ta ohun tí mo san lọ́sẹ̀ tó kọjá lèyí."

"Òun náà ni, sà. Wọ́n ti yí i padà. Kì í ṣe bó ṣe wúwo tó là ń wò mọ́. Bó ṣe gbàyè tó ni."

"Ọmọ mi, òwú ló wà nínú ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta á gbé e. Èyí tó pọ̀ jù nínú páálí yìí, afẹ́fẹ́ ni."

"Mo mọ̀, sà. Àmọ́ afẹ́fẹ́ náà ń jókòó nínú ọkọ̀."

Tíṣà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ká ní nínú kíláàsì rẹ̀ ni ọmọ kan ti dáhùn báyìí, ì bá fún un ní máàkì tó pé. Ó san owó páálí méjìlá tó kó wá, ẹsẹ̀ ló sì fi rìn délé, torí owó ọkọ̀ ti bá a lọ.

Ìyàwó rẹ̀ wà nídìí máṣíìnì, òwú ti bà sí i lórí bí ìgbà tí ewú bá ń jà fún àyè. Tíṣà rò fún un.

"Mọ́mì, má dààmú. Mo máa bá wọn sọ̀rọ̀."

"Kí lẹ máa sọ fún wọn?"

"Ọ̀rọ̀ ni. Bí a bá ti ń sọ ọ́, a máa rí ibi tó ń lọ."

Ó fi eyín já òwú. "Ó dáa," ló wí.

Tíṣà kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ akẹ́rù yòókù. Ọ̀kan kò fún un ní ìjókòó. Èkejì gbà láti fi iye àtijọ́ kó o, Tíṣà sì fi ogún ìrọ̀rí dán wọn wò. Méje nínú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ oníbàárà pẹ̀lú omi, òwú inú rẹ̀ ti dì gbagidi. Ìyàwó Tíṣà rán méje míì dípò wọn, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni òun fúnra rẹ̀ ronú pé kí àwọn tẹ ìrọ̀rí náà pẹlẹbẹ, kí àwọn fi náílọ́ọ̀nù dì í pinpin, kí páálí lè kéré. Wọ́n fi mẹ́wàá ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Oníbàárà kan pè pé tòun kò dìde.

"Ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, sà," Tíṣà ní.

"Mo gbọ̀n ọ́n títí apá fi ń ro mí," ọkùnrin náà ní. "Ó ti sùn ṣáájú mi."

Tíṣà padà sọ́dọ̀ onítépù. Ó lọ lẹ́ẹ̀kan, ó lọ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo ẹ̀yìn, ó tẹ orí wá síwájú.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n sòótọ́ fún yín. Èmi ò lè yọ nǹkan kan kúrò. Àmọ́ ẹni tó bá ń kó ọ̀ọ́dúnrún ẹrù wá lóṣù, wọ́n máa ń jẹ́ kó rí máníjà. Máníjà ló lè fún èèyàn ní ẹ̀dínwó."

"Ọ̀ọ́dúnrún. Ṣé ó di dandan kó jẹ́ ẹrù ẹnì kan?"

"Orúkọ ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀, sà. Wọn ò bèèrè ẹni tó ni inú ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Tíṣà gbé rìn ní àdúgbò wọn. Ó wọlé tọ Oníbàtà tó ń rán bàtà obìnrin, ó tọ Ìyá Oníwèé tó ń ta ìwé àlòkù, ó tọ Aláago tó ń tún aago ògiri àtijọ́ ṣe fún àwọn tí kò fẹ́ kí aago bàbá wọn kú. Gbogbo wọn ló ń ráhùn owó ẹrù, ṣùgbọ́n kálukú ń dá ráhùn tiẹ̀ ni. Tíṣà ní kí àwọn kó gbogbo ẹrù jọ sílé òun, lábẹ́ orúkọ òun, kí òun wá fi bá wọn dúnàá dúrà.

"Bẹ́ ẹ bá rí i ṣe, Tíṣà," Aláago ní, "mo máa fún yín ní aago kan lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ á máa yára díẹ̀ o."

Odindi oṣù kan ni pálọ̀ wọn fi di ibùdó ẹrù. Wọ́n ti àga mọ́ ògiri, páálí bàtà wà lábẹ́ tábìlì, ìwé wà lórí àpótí tẹlifíṣọ̀n, tọkọtaya sì ń gbé abọ́ sórí itan jẹun. Inú Tíṣà dùn dé ibi tó ń fi orin inú ẹnu kọ àdírẹ́sì. Ìyàwó rẹ̀ ń rán ìrọ̀rí rẹ̀ lọ, bó bá sì ti parí, á bá àwọn aládùúgbò náà fi sẹ́lótéèpù dí páálí. Nígbà tóṣù fẹ́ parí, ẹrù wọn jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. Ìrọ̀rí nínú rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́rin.

Tíṣà wọ ẹ̀wù tó wọ̀ lọ síbi ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ó kó àkọsílẹ̀ sínú fáìlì, ó lọ. Máníjà jẹ́ obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, ó fara balẹ̀, ó dìde kí i. Tíṣà bi í léèrè iléèwé tó lọ, bóyá yóò jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọmọ òun àtijọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà ka àkọsílẹ̀ náà láti ojú ìwé kan dé òmíràn.

"Ẹ ṣe é dáadáa, sà. A máa yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò nínú owó wọn láti oṣù tó ń bọ̀."

Tíṣà tẹ ara síwájú. Ó fẹ́ máa dúpẹ́.

"Àmọ́ ìrọ̀rí kò sí níbẹ̀ o," máníjà fi kún un.

"Báwo ni kò ṣe sí níbẹ̀, Mádàámù?"

"Ohun fúyẹ́ tó gbàyè, wọn ò gbà wá láyè láti dín tiẹ̀. Bàtà, ìwé, aago, ìyẹn ò ṣòro. Ìrọ̀rí yín nìkan ń gba ìdajì ọkọ̀. Bí mo bá kó o mọ́ ọn, èmi ni wọ́n máa bi."

"Ṣùgbọ́n torí ìrọ̀rí yìí ni mo ṣe kó àwọn yòókù jọ."

"Mo gbọ́, sà."

"Àgbàtán là á gbọ̀lẹ. Bí ẹ bá dáṣọ fún ọ̀lẹ, ẹ pa á láró."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín ẹni tó mọ òwe náà tí kò sì ní agbára aró. "Ká ní ọwọ́ mi ni, sà."

Tíṣà ní kó jẹ́ kí òun lọ bá ìyàwó òun sọ ọ́. Máníjà ní òní ni oṣù ń parí. Tó bá dọ̀la, ìwé àdéhùn tuntun ni wọ́n máa lò, irínwó ẹrù sì ni yóò máa bèèrè.

Tíṣà wo ìwé náà. Ó rántí Oníbàtà tó ti fi ọ̀sán mẹ́ta gbáko to páálí sí pálọ̀ òun, ó rántí Ìyá Oníwèé tó ti sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé owó ẹrù máa wálẹ̀. Bí òun bá dìde báyìí, kò sẹ́ni tó máa jèrè. Òwe ìlẹ̀kẹ̀ àti ìdí ọmọ ẹni wá sí i lọ́kàn, ó sì lé e lọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kí àwọn wọlé ná, pé inú ilé lèèyàn ti í ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó wà níta, àti pé òun á fi ọ̀rọ̀ fa tìyàwó òun wọlé tó bá yá. Ó buwọ́ lùwé. Ìbuwọ́lùwé náà dára bó ṣe máa ń dára.

Kó tó délé, onítépù ti fi fóònù sọ fún Oníbàtà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níwájú ilé. Ìyá Oníwèé kúnlẹ̀, Oníbàtà ń ṣàdúrà, Aláago ti gbé aago rẹ̀ dání, ó ń wá ibi tó máa kan ìṣó sí. Ìyàwó Tíṣà yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́.

"Tìrọ̀rí ńkọ́?" ló bi í.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjú sí Tíṣà.

"Wọ́n máa fi kún un," Tíṣà ní. "Díẹ̀ ló kù."

Obìnrin náà wò ó fún ìwọ̀n àkókò téèyàn fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. "Ẹ kú iṣẹ́," ló wí, ó sì padà wọlé.

Tíṣà lọ bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, máníjà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, kò sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní ó wà nípàdé. Lẹ́ẹ̀kẹrin, onítépù ní wọ́n ti gbé Mádàámù lọ sí ẹ̀ka míì, ẹni tuntun kì í sì í rí àlejò. Ó fún Tíṣà ní nọ́ńbà kan. Ẹ̀rọ ló gbé e. Ó ní kó tẹ oókan, ó ní kó tẹ eéjì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó tún oókan tẹ̀. Tíṣà tí ẹnu rẹ̀ kò tíì kùnà rí ti wá pàdé ẹni tí kò létí.

Tọkọtaya náà fowó kún ìrọ̀rí. Ọgọ́rin tí wọ́n ń tà lóṣù di ogójì, ogójì di mẹ́sàn-án. Wọn ò jà, àfi ìgbà kan ṣoṣo, ní ọ̀sán, tí Tíṣà ní bí òun kò bá buwọ́ lù ú, gbogbo àdúgbò ni ì bá pàdánù.

"Mo mọ̀," ìyàwó rẹ̀ ní. "Mi ò ní kí ẹ má ràn wọ́n lọ́wọ́. Ká ní ẹ bi mí ni, mo lè ní kí ẹ buwọ́ lù ú. Ohun tó dùn mí ni pé ẹ ti mọ̀ kẹ́ ẹ tó délé, ẹ wá fi ojú àwọn èèyàn ṣe ìbòrí."

Tíṣà fa páálí kan mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àdírẹ́sì sí i lára.

Oníbàtà ní tiẹ̀ ń tà sí i. Ẹ̀dínwó jẹ́ kó lè ránṣẹ́ sí ibi tí kò dé tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kan ló wọlé, tó ń fọwọ́ pa orí, tó ní kò dáa kí Mọ́mì máa dí páálí fún òun lọ́fẹ̀ẹ́, pé òun á máa san nǹkan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí wọn ò bá bínú. Ìyàwó Tíṣà ní òun ò bínú. Láti ọjọ́ náà ló ti gbé àga rẹ̀ kúrò nídìí máṣíìnì wá sí pálọ̀. Iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó máa ń fi bébà wé ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan bíi pé yóò sùn níbẹ̀.

Ọ̀sán kan ni fóònù dún. Bàbá àgbàlagbà kan ni, láti ìlú tó jìnnà. Ó ní ìrọ̀rí tí òun rà lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn ti rẹlẹ̀, òun fẹ́ òmíràn. Tíṣà sọ iye ìrọ̀rí fún un, ó sì sọ iye tí wọ́n máa gbà láti gbé e wá.

"Owó ọkọ̀ ju owó ìrọ̀rí lọ," bàbá náà ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè bá wọn sọ̀rọ̀?"

Tíṣà gbé fóònù kúrò létí. Ìyàwó rẹ̀ nawọ́ sí i láti ìdí páálí, ó gba fóònù.

"Ẹ kú ọ̀sán, sà. Ṣé ẹ ní ẹni tó ní máṣíìnì nílé?"

Bàbá ní ìyàwó ọmọ òun ní in.

"Ẹ bá mi pè é."

Nígbà tí ìyẹn dé orí fóònù, ìyàwó Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un bí aṣọ yóò ṣe gùn tó, ibi tó máa gé e dé, ìwọ̀n òwú tó máa lọ sí etí kan àti èyí tó máa lọ sí èkejì. Ó sọ fún un nípa ìrán àárín, èyí tó gbọ́dọ̀ rán lẹ́ẹ̀mejì kí òwú tó wọlé, tí kò bá fẹ́ kó máa ṣí lọ síbi kan. Tíṣà kò gbọ́ ìyẹn rí. Ní gbogbo ọdún yẹn, ìyàwó rẹ̀ kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan òun pàápàá.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," obìnrin tó wà lọ́hùn-ún ní, "ẹ rọra, mò ń kọ ọ́ sílẹ̀."

"Mi ò kánjú," ìyàwó Tíṣà ní. "Ẹ kọ ọ́."

Níta, ọkọ̀ akẹ́rù ti fọn fèrè. Tíṣà parí àdírẹ́sì tó ń kọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó páálí bàtà jáde.