Ìwé Arọ́pò

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń tọ́jú àbúrò mi ọkùnrin, èmi nìkan, láìsinmi. Ẹni ọdún méjìlélógójì ni, ṣùgbọ́n òye rẹ̀ ò ju ti ọmọdé lọ. Ọ̀gá là ń pè é, torí òun nìkan ló láṣẹ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn wa, Ọ̀gá á ṣí i fún un, á tún fà á lọ́wọ́ wọlé. Ohun tó ń já mi láyà nìyẹn.

Nígbà tí ọmọ mi bímọ, tó ní kí n wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ òun, ọ́fíìsì tó ń ran àwa tá à ń tọ́jú ẹbí wa lọ́wọ́ ní àwọn máa fún mi ní arọ́pò. Mo ní ó dáa, àmọ́ mi ò lè fi àbúrò mi lé ẹni tí mi ò mọ̀ lọ́wọ́. Akọ̀wé wọn ní kí n fọkàn balẹ̀: obìnrin tí wọ́n fẹ́ rán wá ti tẹ̀ka, ọlọ́pàá ti yẹ orúkọ rẹ̀ wò, ẹni méjì tó ti bá ṣiṣẹ́ rí sì ti kọ̀wé nípa rẹ̀. Mo ṣì pe àwọn méjèèjì lórí fóònù. Ọ̀kan ní ẹjọ́ mi ti pọ̀ jù. Mo gbà fún un, mo sì bi í ní ìbéèrè mẹ́rin sí i.

Lọ́jọ́ tí Arọ́pò dé, mo dá a dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ní kó mú ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ jáde. Mo wo fọ́tò, mo wo ojú rẹ̀, mo tún wo fọ́tò. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn mi, ó ń wò wá bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Obìnrin náà ò bínú. Ó na káàdì náà sí Ọ̀gá.

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, sà," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ nilé."

Ọ̀gá wò ó títí, ó ní kó wọlé. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé tẹlifíṣọ̀n.

Mo lọ. Mo gbé ọmọ-ọmọ mi jó, mo sùn àsùnwọra. Síbẹ̀ ọkàn mi ò kúrò lára ilẹ̀kùn yẹn.

Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tá a ní ni mo fi sílẹ̀ fún Arọ́pò, nítorí náà nígbà tí mo padà dé, ńṣe ni mo kan ilẹ̀kùn. Kò ṣí. Ọ̀gá yọjú lójú wíńdò, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí mi. Ìwé yín dà?"

Mo ní èmi mà ni. Ó ní òun mọ̀.

"Ìwé yín dà?"

Arọ́pò wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu, kò sì bá mi bẹ̀ ẹ́. Mo tú báàgì mi sílẹ̀ níwájú ilé, mo ń wá káàdì ìdánimọ̀ mi láàárín aṣọ ìdọ̀tí, ẹ̀rín ń pa mí, omi ń dà lójú mi. Ayọ̀ ni. Mo gbé káàdì náà sára gíláàsì.

Ó wo fọ́tò, ó wo ojú mi, ó tún wo fọ́tò. Lẹ́yìn náà ló tó wá ṣílẹ̀kùn fún mi.